Ìdí Kóńgò Yèyé Mi

Kí àkùkọ tó kọ ẹlẹ́ẹ̀kejì, agogo Alágbà á ti gba ẹ̀yìnkùlé wa kọjá. Agogo ọwọ́ ni, irú èyí tí àwọn tíṣà ń lù ní sùkúù, kò sí gbohùngbohùn, kò sí iná mànàmáná, ṣùgbọ́n ohùn bàbá náà á la ìrì kọjá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó sùn sí ahéré lódìkejì odò. Ìdí igi àgbálùmọ̀ tó wà ní oríta ló máa ń dúró sí. Eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì ti lọ, nítorí náà bó bá ti pe orúkọ Jésù, ṣe ni orúkọ náà á fọn bíi fèrè, àwa ọmọdé á sì fi aṣọ dí ẹnu lórí ẹní kí Yèyé má baà gbọ́ ẹ̀rín wa. Ọ̀rọ̀ kan náà ni lójoojúmọ́: Onílé ti ń bọ̀, ó ku díẹ̀, ẹni tó bá jẹ gbèsè kó lọ san án, ẹni tó bá ń bá ará ilé rẹ̀ yodì kó lọ bẹ̀bẹ̀, kí ilẹ̀ má ṣe mọ́ bá ẹnikẹ́ni pẹ̀lú ẹrù ẹlẹ́rù lọ́wọ́. Bó bá parí, a óò máa gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ewé kòkó gbígbẹ, ṣà, ṣà, ṣà, títí yóò fi dé oríta kejì. Ìgbà náà la óò tó dìde, tòun ti òórùn èéfín tó wà lára ìró Yèyé, òórùn àgbò tí wọ́n so mẹ́yìn ilé ìdáná, òórùn omi ẹ̀gẹ́ tó ń ro tótó láti inú àpò tí a fi òkúta tẹ̀ mọ́lẹ̀ mọ́jú, òórùn kẹrosíìnì, gbogbo rẹ̀ á dà pọ̀ mọ́ àdúrà òwúrọ̀ débi pé títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn ẹ̀gẹ́ kíkan níbikíbi, ó máa ń ṣe mí bíi kí n kúnlẹ̀.

Ọdún 1949 ni wọ́n bí mi. Kì í ṣe 1951 tó wà nínú ìwé ìjọba o. A óò débẹ̀. Abúlé wa wà lẹ́bàá ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, ọ̀nà kan náà tí wòlíì Ayọ̀ Babalọlá ń fi ẹ̀rọ ìtẹ̀nà tẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 1928 nígbà tí ẹ̀rọ náà kọ̀ tí kò lọ mọ́ nítòsí Ìkéjì-Arákejì, tí ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún náà sì gbọ́ ohùn tó ní kó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀. Ìtàn yẹn kò ṣàjèjì sí yín. Èyí tí Yèyé mi fi ojú ara rẹ̀ rí ni ìsọjí Babalọlá ní Òkè Ooyè ní Iléṣà, lọ́dún 1930, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ṣì jẹ́ ọmọ bí ọdún mẹ́wàá. Ó ní ẹsẹ̀ làwọn fi rìn, ó ní abẹ́ àtíbàbà ọjà làwọn sùn, pé ìkòkò, akèrègbè, ahá, agbè, gbogbo ohun tó lè gba omi ni wọ́n gbé kalẹ̀ rẹpẹtẹ kí wòlíì lè gbàdúrà sí i, pé afọ́jú di ẹ̀yìn aṣọ arọ mú, abirùn ń bá aláboyún du ọ̀nà, àti pé eruku ibẹ̀ pọ̀ tó fi jẹ́ pé funfun aṣọ ò yàtọ̀ sí pupa mọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí a máa ń fẹ́ kó dé kíákíá ni ibi òkìtì òògùn tí wọ́n dáná sun. Bàbá Yèyé kó ońdè jáde, ó kó ìfúnpá, ó kó ìgbàdí, àdó mẹ́ta, òrùka kan tí dúdú rẹ̀ ń dán, ó sì kó gbogbo rẹ̀ sínú iná, àfi ońdè kan ṣoṣo tó mú lọ́wọ́ pẹ́. Ti bàbá tirẹ̀ ni. Nígbà tó jàjà jù ú síná, ó bú sẹ́kún, àwọn ènìyàn sì ń kígbe pé Ẹ̀mí ti bà lé e. Yèyé mi á rẹ́rìn-ín díẹ̀ bó bá dé ibẹ̀. "Kì í ṣe Ẹ̀mí. Bàbá rẹ̀ ló rántí."

Bí Yèyé ṣe rí nìyẹn. Ó gbàgbọ́ dé ọ̀rá egungun, síbẹ̀ ojú rẹ̀ là kedere. Ní ogúnjọ́ oṣù karùn-ún ọdún 1947, nígbà tí òṣùpá bo oòrùn lójú, tí ilẹ̀ ṣú lọ́sàn-án, tí adìyẹ wọ ilé lọ sùn, tí gbogbo abúlé ń sáré lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú igbe pé ó ti dé, ó ti dé, ìdí agbada ni Yèyé wà, ó ń yan gàrí. Ó kọ́kọ́ fa igi jáde nínú iná, ó wa gàrí rẹ̀ sínú ọpọ́n, ó bò ó, kó tó wá fi ọjá di ìdí tẹ̀lé wọn. Àwọn ìyàwó ilé bi í lẹ́yìn náà pé kí ló dé tí ẹ̀rù ò bà á. Ó ní ẹ̀rù ba òun púpọ̀, ṣùgbọ́n òun ò fẹ́ kí Olúwa wá bá gàrí jíjóná nídìí òun.

Nínú ilé wa, mímúra sílẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu, ohun tí a lè fọwọ́ kàn ni. Aṣọ funfun wà nínú àpótí pákó pẹ̀lú káńfọ̀ láàárín rẹ̀, a kì í wọ̀ ọ́ lọ sóko bẹ́ẹ̀ la kì í yá ẹnikẹ́ni. Alaalẹ́ ni a ń gbálẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn àgbà ilé ń kùn pé ẹni tó bá gbálẹ̀ lóru ń gbá ire dànù. Yèyé ò jẹ́ fi orí lé ìrọ̀rí kó má tíì ka àwọn tó jẹ ní gbèsè sí wa létí, Ìyá Alápatà sísì mẹ́ta, Bàbá Ẹlẹ́mu kọ́bọ̀ mẹ́rin, kí àwa ọmọ lè mọ ẹni tí a óò san án fún bí ilẹ̀ bá mọ́ tí a ò bá a. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, lórí ìṣó gàgàrà kan, ni àtùpà gíláàsì kan so kọ́, tó kún fún kẹrosíìnì dé ọrùn, tí òwú rẹ̀ mọ́ tónítóní bí ẹni pé wọn kò tanná sí i rí. Wọn kò tanná sí i rí lóòótọ́. Ìtàn àwọn wúńdíá mẹ́wàá tó wà nínú Màtíù orí kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, Yèyé kò gbà pé òwe ni. Bí Olúwa bá sọ̀rọ̀ àtùpà, àtùpà ló ń sọ. Nítorí náà fìtílà elépo pupa ni mo fi ń kàwé, èéfín rẹ̀ ń wọ̀ mí nímú, omi ń bọ́ lójú mi, tí àtùpà rere sì ń wò mí láti orí ìṣó.

Gàrí ni Yèyé ń tà ní ọjà ọrọọrún. Ẹ̀yin tí ẹ ti ta gàrí rí mọ ohun tí mo fẹ́ sọ nípa kóńgò. A máa ń da kóńgò dé, a ó fi òkúta lu ìdí rẹ̀ títí yóò fi wú wọ inú, ìwú náà ò pọ̀, ìwọ̀nba àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, ṣùgbọ́n nígbà tí ènìyàn bá fi wọn ogójì ìgbà lóòjọ́, ohun tó ṣẹ́ kù sínú àpò á tó owó ọbẹ̀. Òkè orí kóńgò ṣì ń ga ṣónṣó bí òkè Ọlọ́sùnta, oníbàárà ń rí i, ó ń dúpẹ́. Kò sí ẹni tí kì í ṣe é. Yèyé mi, Ìyá Ìjọ, ń ṣe é.

Ọdún 1958 ni ajíhìnrere kan wá bá wa ṣe ìsọjí ọjọ́ mẹ́ta. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, kò pariwo. Ní alẹ́ kejì ló fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà pé bí Olúwa bá dé lọ́jọ́ ọjà, èwo ni wọn óò kọ́kọ́ gbé pamọ́. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn, àwọn kan sùn lọ.

Lóru ọjọ́ náà, ariwo kan jí mi. Kọ́, kọ́, kọ́. Mo rò pé ẹnì kan ló ń kan pósí. Mo dìde, mo rí ìmọ́lẹ̀ ní ilé ìdáná, ìmọ́lẹ̀ funfun kan tí n kò rí irú rẹ̀ rí nínú ilé wa, mo wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn: ìṣó nìkan ló wà níbẹ̀. Yèyé ti tan àtùpà Olúwa. Ó jókòó sórí àpótí pẹ̀lú kóńgò láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì, ó ń fi ọmọ ọlọ lu inú rẹ̀ kí ìdí lè padà sí bí àwọn tó rọ ọ́ ṣe rọ ọ́, òógùn ń kán láti imú rẹ̀ sínú kóńgò, ó sì ń fi àtàǹpàkò wò ó, ó tún ń lù ú. Kò wo ojú mi. Ó ní, "Bá mi gbé iná yẹn súnmọ́ ibí." Mo gbé e súnmọ́. A wà níbẹ̀ títí agogo Alágbà fi dún kọjá.

Ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Yèyé kò mọ iye ẹni tó ti rẹ́ jẹ, nítorí náà ó fi ilé ka oníbàárà rẹ̀, ó sì ń bu gàrí kún un fún ẹni tó bá rà, ó ń ṣàlàyé ìdí rẹ̀ níṣojú gbogbo ayé, ojú ń tì mí, mo ń fi agbọ̀n bojú. Ọjà márùn-ún gbáko ló fi ṣe é. Obìnrin kan tí Yèyé jẹ ní gàrí ti kú. Yèyé rìn dé Iléṣà lọ wá ọmọ obìnrin náà rí. Àwọn kan súre fún un. Àwọn kan tí wọ́n ti ń bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ kò padà sídìí igbá rẹ̀ mọ́, nítorí wọn ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé wọ́n ń rẹ́ wọn jẹ, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ ni. Ṣùgbọ́n àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ tó ń ta gàrí ni inú bí jù. Ìyá kan nínú wọn, tí òun náà ń wọ funfun ní ọjọ́ ìsinmi, dúró ti igbá wa, ó fọwọ́ lé ìbàdí, ó ní, "Ṣé ìwọ nìkan ni Jésù ń bọ̀ wá bá ni?"

N kò ní fi oyin sí i fún yín. Sáà yẹn, aṣọ sùkúù mi ya ní èjìká, kò sí owó láti rán òmíràn, aṣọ alábùlẹ̀ ni mo wọ̀ títí ọdún fi parí, àwọn ọmọ sì ń pè mí ní Ìdí Kóńgò. Mo kórìíra àtùpà yẹn. Mo kórìíra ajíhìnrere náà.

Ohun mìíràn wà tó ju aṣọ yíya lọ. Lọ́dún 1956, ibà gbé àbúrò mi ọkùnrin ṣánlẹ̀, ó di gìrì. Ilé ìwòsàn wà ní Iléṣà, ọkọ̀ akẹ́rù sì ń gba iwájú ilé wa lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ní ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ilé aládùúrà ni kì í jẹ́ kí àgúnmu tàbí kùníìnì wọlé. Ẹni tó ń retí Olúwa kò gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ kan sínú ìgò òògùn, bí wọ́n ṣe ń wí nìyẹn. Bàbá mi ní omi àdúrà tó. Wọ́n dá a lómi, wọ́n gbààwẹ̀, wọ́n kọrin yí i ká títí ọrùn wọn fi gbẹ. Ní alẹ́ kẹta ó dákẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Bàbá ní ó ti múra sílẹ̀ jù wá lọ ló ṣe lọ. Yèyé ò sọ nǹkan kan, nígbà náà tàbí lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ní ọdún 1978, nígbà tí ara ọmọ tèmi ń jó bí iná, tí mo ṣì ń wá ìgò omi àdúrà kiri nínú ilé, Yèyé ti pọ̀n ọ́n, ó ti wà ní ọ̀nà ilé ìwòsàn, ó ń yára débi pé èmi tí mo kéré sí i ni mo ń sáré tẹ̀ lé e. Kò wẹ̀yìn rárá.

Nítorí náà, bí mo bá ń sọ pé ìgbà tiwa sàn, ẹ má rò pé mo ti gbàgbé sàréè kékeré ẹ̀yìn ilé wa. Ohun tí mo ń sọ kò tó bẹ́ẹ̀. Mo ń sọ pé nígbà tiwa, bí wọ́n bá ní Olúwa ń bọ̀, ẹnì kan á dìde lọ sí ilé ẹnì kejì. Ní àìsùn ọdún tuntun, kí aago tó lu méjìlá, àwọn ènìyàn á máa rìn láti àga sí àga nínú òkùnkùn: ìwọ lagbájá, èmi ni mo ju òkúta lu ewúrẹ́ rẹ níjọ́sí, ìyàwó mi, mo purọ́ mọ́ ọ lójú ìyá mi. Ẹkún á sọ, ẹ̀rín á sọ, nígbà mìíràn ìjà á bẹ̀rẹ̀ tuntun, Alágbà á tún fọn fèrè Jésù rẹ̀ láàárín wọn. Lóde òní, gbogbo wa la kọjú sí iwájú. A ń dúró de orúkọ tí pásítọ̀ máa sọ ọdún tó ń bọ̀, ọdún ìlọ́po, ọdún àṣeyọrí, ọdún ọkọ̀ tuntun, iná aláwọ̀ mèremère ń ṣẹ́jú lórí pẹpẹ, kò sì sí ẹni tó bojú wẹ̀yìn wo ẹni tó jókòó ti òun.

Ọ̀rọ̀ ìgbẹ̀yìn ayé ò kúkú tán lẹ́nu wa, ó tilẹ̀ ń pọ̀ sí i ni, ṣùgbọ́n ó ti di àlọ́ tí a ń pa lórí fóònù. Nígbà tí ọdún 1999 ń parí lọ, tí wọ́n ní kọ̀ǹpútà gbogbo ayé máa dàrú lóru ọjọ́ kan, aládùúgbò mi kan ra páálí àbẹ́là mẹ́fà. Ilẹ̀ mọ́, ó tà á fún wa ní èrè. Ní ọdún 2011, Harold Camping, ará Amẹ́ríkà kan tó ní rédíò, ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù karùn-ún ni Olúwa máa dé. Ọjọ́ náà kọjá wẹ́rẹ́, ó sún un sí ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹwàá, ìyẹn náà kọjá, ọlọ́jọ́ dé bá òun fúnra rẹ̀ ní 2013. Nígbà tí Kòrónà dé ní 2020, tí wọ́n ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, fóònù mi ò sinmi: ẹ̀fà mẹ́ta ti ẹranko inú Ìfihàn wà nínú abẹ́rẹ́, ẹ̀fà mẹ́ta wà nínú òpó fóònù tuntun, Mọ́mì, ẹ má gbà á o. Ọmọ ìjọ wa kan tó fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi ní ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ló jẹ mí lówó àjọ oṣù mẹ́ta. Ó rí ẹranko náà ní gbogbo ibi àfi nínú ìwé àjọ. Ẹ jẹ́ kí n bi yín: Ọmọ fúnra rẹ̀ ní òun kò mọ ọjọ́ náà, ta ni ẹ̀yin wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀?

Lóṣù tó kọjá mo lọ sọ́jà. Orí ìsọ̀ tí mo ti fẹ́ ra gàrí, wọ́n lẹ bébà pupa kan mọ́ ọn pé Jésù ń bọ̀ láìpẹ́. Mo ti ọwọ́ bọ inú kóńgò obìnrin náà bí ẹni ń yẹ gàrí wò. Ìdí rẹ̀ ti wú sókè bí ikùn aláàárẹ̀. Mo ní, "Ìyáláje, kóńgò yín yìí mà lóyún." Ó rẹ́rìn-ín, kò tilẹ̀ jiyàn. Ó ní, "Mọ́mì, gbogbo ọjà ló rí bẹ́ẹ̀. Bí mo bá lù ú jáde, ṣé èmi nìkan ni màá máa jẹ gbèsè?"

Mo ya ẹnu. Ìwàásù Yèyé látòkèdélẹ̀ ti wà létè mi, tòun ti ọmọ ọlọ, tòun ti àtùpà. Ìgbà náà ni ọdún 1951 dìde dúró níwájú mi.

Mo ní a óò débẹ̀. Nígbà tí mo wọṣẹ́ tíṣà ní 1976, akọ̀wé kan tó fẹ́ràn mi gbà mí nímọ̀ràn pé kí n bu ọdún méjì kúrò nínú ọjọ́ orí mi. Òfin ìgbà náà ni pé ọgọ́ta ọdún láyé tàbí ọdún márùndínlógójì lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Ó bá mi ṣírò rẹ̀ lórí páálí sìgá: bí mo bá fi 1949 sílẹ̀, 2009 ni mo máa lọ, bí mo bá kọ 1951, ọjọ́ orí àti ọdún iṣẹ́ á pé pọ̀ ní 2011. Mo búra ní kóòtù pẹ̀lú Bíbélì lọ́wọ́. Kò sí ẹni tí kì í ṣe é. Owó oṣù mẹ́rìnlélógún ni mo gbà tí kì í ṣe tèmi, mo sì fi díẹ̀ nínú rẹ̀ san ìdá mẹ́wàá.

Mo ra kóńgò méjì, mo sanwó, mo kí obìnrin náà pé ó kú ọjà. Nígbà tí mo délé, mo gbé kóńgò Yèyé sọ̀kalẹ̀ lórí àjà, ojú àpá ọmọ ọlọ ṣì yí inú ìdí rẹ̀ ká bí òrùka, mo da gàrí náà sí i. Kóńgò méjì ọjà ò kún méjì tiwa. Ó fi bí ìka mẹ́ta dín nínú èkejì. Mo jókòó, mo ń wò ó títí wọ́n fi mú iná lọ.

Lẹ́tà kan wà nínú Bíbélì mi láti bí ọdún mẹ́ta wá, tí mo kọ sí iléeṣẹ́ tó ń san owó ìfẹ̀yìntì wa. Mo gbé e jáde lójú iná fóònù. Orúkọ mi wà níbẹ̀, nọ́ńbà iṣẹ́ mi wà níbẹ̀, àlàyé wà níbẹ̀ ní ìwé ojú méjì, ọwọ́ ìkọ̀wé náà dára, tíṣà ṣáà ni mí. Lókè pátápátá, níbi tí mo ti kọ ọ́ pé èmi tí wọ́n bí ní ọdún, mo fi àlàfo sílẹ̀. Mo wá bíírò. Èyí tó wà lórí tábìlì ti gbẹ, mo dìde láti lọ wá òmíràn nínú yàrá.